Igba Pósí Igi: Djon Mundine àti Iṣẹ́ Olùtọ́jú Ọnà ní Ọsirélíà

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bá wa pàdé, nọ́ọ̀sì ni mí, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Yorùbá la sì máa ń sọ níbí. Bí ọ̀rọ̀ kan bá ṣòro fún yín, ẹ dá fídíò dúró, ẹ ka ohun tí mo kọ sílẹ̀ yìí, kí ẹ tún máa bọ̀. Kò sí ẹni tó ń lé wa.

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, ìkìlọ̀ kékeré kan. Bí ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà kankan bá ń gbọ́ mi, màá dárúkọ àwọn àgbà ayàwòrán kan tí wọ́n ti kú. Lọ́dọ̀ ọ̀pọ̀ nínú wọn, a kì í déédéé pe orúkọ òkú, a kì í sì í fi àwòrán rẹ̀ han àwọn èèyàn rẹ̀ láìsọ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń rí irú ìkìlọ̀ yìí níbẹ̀rẹ̀ fíìmù wọn. Ìwà ọmọlúàbí ni, ẹ jẹ́ kí àwa náà ṣe é.

Ọmọ onílẹ̀ tí mo ń wí yìí, kì í ṣe ti Èkó o, àwọn tó máa ń wá gba owó ìpìlẹ̀ lọ́wọ́ dádì yín nígbà tó ń kọ́lé sí Ìkòròdú. Àwọn tó ni ilẹ̀ ní tòótọ́ ni mò ń wí, àwọn tí baba ńlá wọn ti wà ní Ọsirélíà fún ohun tó lé ní 50,000 ọdún. Aboriginal ni ayé ń pè wọ́n. Ọkùnrin kan nínú wọn ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí. Djon Mundine lorúkọ rẹ̀, curator sì niṣẹ́ rẹ̀.

Àbúrò mi kan tí wọ́n bí sí ìhín bi mí léèrè láìpẹ́ pé kí ni curator ń ṣe gan-an tí wọ́n fi ń san owó oṣù fún un. Ó ní ṣé kì í ṣe pé wọ́n kàn ń gbé àwòrán kọ́ ara ògiri ni. Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ìbéèrè gidi ni. Nínú èdè Látìn tí ọ̀rọ̀ náà ti wá, ìtọ́jú ló túmọ̀ sí. Nítorí náà olùtọ́jú iṣẹ́ ọnà lèmi máa ń pè é, bí wọ́n ṣe ń pe èmi náà ní olùtọ́jú aláìsàn. Òun ló ń yan ohun tí a óò rí. Òun ló ń pinnu ohun tí yóò wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì. Òun ló ń kọ ọ̀rọ̀ tí a ń kà lára ògiri. Ẹ má fojú kéré iyẹn o. Ẹni tó ń kọ ọ̀rọ̀ sára ògiri ló ń sọ fún ọmọ ilé ìwé tó wá wòran pé ta ni akọni, ta ni olè, àti ta ni kò tilẹ̀ sí níbẹ̀ rárá.

Ọdún 1951 ni wọ́n bí Djon Mundine ní ìlú Grafton, ní ìpínlẹ̀ New South Wales. Bundjalung ni àwọn èèyàn rẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ di orúkọ yẹn mú, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé ẹ̀yà kan ṣoṣo ni Aboriginal. Kò rí bẹ́ẹ̀. Nígbà tí àwọn òyìnbó dé, èdè tó lé ní 250 ni wọ́n ń sọ káàkiri ilẹ̀ náà. Ní 1979, Mundine gbéra lọ sí Arnhem Land, ní àríwá pátápátá, sáàárín àwọn Yolŋu àtàwọn aládùúgbò wọn. Ẹni tó ti Grafton lọ síbẹ̀, bí ẹni tó ti Ìjẹ̀bú lọ sí Sokoto ni, àfi pé ọ̀nà tirẹ̀ tún jìn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Milingimbi ló kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà ó wà ní Ramingining. Ọdún mẹ́rìndínlógún ló lò ní agbègbè yẹn, títí di 1995.

Olùdámọ̀ràn iṣẹ́ ọnà ni wọ́n gbà á sí. Orúkọ yẹn dùn létí, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Àgbà kan yóò bó èèpo lára igi nígbà òjò, yóò yan án lórí iná kó lè tẹ́, yóò fi amọ̀ pupa, amọ̀ funfun, èédú àti amọ̀ àwọ̀ ìyeyè yàwòrán sí i. Olùdámọ̀ràn yóò ra iṣẹ́ náà lọ́wọ́ rẹ̀, yóò jókòó tì í, yóò kọ ìtàn inú rẹ̀ sílẹ̀. Yóò dì í dáadáa kó má baà fọ́ lójú ọ̀nà, yóò fi ránṣẹ́ sí Sydney tàbí Melbourne, yóò bá oníbàárà jà lórí iye owó, yóò tún ṣàlàyé fún bàbá náà ìdí tí owó fi pẹ́ kó tó dé. Àwọn òyìnbó ló pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí nígbà náà. Mundine jẹ́ Aboriginal, ṣùgbọ́n àlejò lòun náà ní Ramingining, ó sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn àgbà wa ní àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ìyẹn ni pé bí ojú rẹ bá tilẹ̀ mú, bí o kò bá mọ ilé, ohun tí o ń wò kò yé ọ. Kí olùtọ́jú ọnà tó lè sọ nǹkan fún ayé, ó ní láti kọ́kọ́ jókòó kí wọ́n kọ́ òun fúnra rẹ̀.

Ohun tí wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀ kò rọrùn. Lọ́dọ̀ àwọn Yolŋu, ohun gbogbo láyé pín sí ọ̀nà méjì, Dhuwa àti Yirritja: èèyàn, ẹranko, omi, igi, àwòrán. Bí o bá jẹ́ Dhuwa, Yirritja ni wàá fẹ́. Àwòrán kọ̀ọ̀kan ní ìdílé tó ni ín, bí ìdílé kan lọ́dọ̀ wa ṣe ní oríkì tirẹ̀ àti èèwọ̀ tirẹ̀. O kò lè dìde lọ́jọ́ kan kí o ní ó wu ọ́ láti ya ejò ti ìdílé onílé kejì. Àṣẹ ni wọ́n ń gbà. Ẹ̀yin tí ẹ ti wo fíìmù Ten Canoes tó jáde ní 2006, àgbègbè Ramingining yẹn gan-an ni wọ́n ti yà á, lórí omi àbàtà Arafura. Ẹ tún un wò, ẹ óò rí bí ọ̀rọ̀ ìdílé àti òfin ṣe ta kókó tó.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbi ìtàn owó kan, nítorí òun ló jẹ́ kí ohun tó ń bọ̀ yé mi.

Ọjọ́ 14, oṣù kejì, ọdún 1966 ni Ọsirélíà pa pọ́n-ùn tì, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí ná dọ́là. Lẹ́yìn ìwé owó dọ́là kan tuntun, wọ́n tẹ àwòrán kan tí wọ́n wò láti ara èèpo igi. Àwòrán náà ní ẹni tó ni ín: David Malangi, ní Arnhem Land. Kò sí ẹni tó bi í. Nígbà tó yá, olùkọ́ kan ní Milingimbi rí owó náà, ó mọ iṣẹ́ náà dájú, ọ̀rọ̀ sì dé ilé ìfowópamọ́ àgbà. H. C. Coombs, ọ̀gá ilé ìfowópamọ́ náà, wá bá Malangi. Wọ́n fún un ní 1,000 dọ́là, àmì ẹ̀yẹ fàdákà kan, àti àpótí ohun èlò ìpẹja. Ẹ gbọ́ mi o. Ìpẹja! Owó tí gbogbo orílẹ̀-èdè ń ná, tó wà nínú àpò olówó àti tálákà, iṣẹ́ ọwọ́ bàbá yìí ló wà lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n wá fún un ní ìwọ̀ àti okùn. N kò sọ pé ìwà ìkà ni wọ́n gbèrò. Ohun tó dùn mí ni pé kò wá sí ọkàn ẹnikẹ́ni nínú wọn, kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́, pé ẹni tó ya irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lè wà láàyè, kó ní orúkọ, kó sì ní àdírẹ́sì.

Àwòrán ọ̀hún gan-an, ètò ìsìnkú ló dá lé. Gurrmirringu, ọdẹ ńlá àtètèkọ́ṣe, ni wọ́n ń sin nínú rẹ̀. Àwọn ará Ọsirélíà ń fi ìsìnkú ẹlòmíràn ra búrẹ́dì láìmọ̀.

Malangi yìí wà lára àwọn àgbà tí Mundine bá ṣiṣẹ́ ní Ramingining. Ní 1979, ọdún tí Mundine dé àríwá, Malangi àti méjì nínú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ wà lára àwọn Aboriginal àkọ́kọ́ tí iṣẹ́ wọn wọ Biennale ti Sydney, ìpàtẹ ńlá tí wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà òde òní láti gbogbo ayé wá sí lẹ́yìn ọdún méjì-méjì. Ṣáájú ìgbà yẹn, ilé tí wọ́n ń kó egungun ẹja àti òkúta àtijọ́ sí ni wọ́n sábà máa ń gbé irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyàtọ̀ ibẹ̀ kò kéré. Bí wọ́n bá gbé ọ sí ilé òkúta, ẹ̀yà rẹ ni wọ́n ń wò. Bí wọ́n bá gbé ọ sí ibi ìpàtẹ ọnà, wọn yóò béèrè pé ta ló ṣe é.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká dé ibi tí mò ń lọ.

Ọjọ́ 26, oṣù kìíní, 1788 ni Arthur Phillip kó ọkọ̀ ojú omi mọ́kànlá, tí ẹlẹ́wọ̀n kún inú wọn, gúnlẹ̀ sí Sydney. Nígbà tí 1988 ń bọ̀, ìjọba ń palẹ̀ ayẹyẹ igba ọdún mọ́. Ọkọ̀ ojú omi alásíá yóò kún èbúté, ọmọ Ọbabìnrin àti Diana ìyàwó rẹ̀ yóò wá, wọn yóò yin iná ìṣeré sójú ọ̀run. Lójú àwọn onílẹ̀, igba ọdún ìkógun ni. Lọ́jọ́ náà, àwọn tó lé ní 40,000 ló wọ́de ní Sydney, àwọn onílẹ̀ àtàwọn tó ń kẹ́dùn pẹ̀lú wọn. Níbí ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pàápàá, Burnum Burnum, ọ̀kan nínú wọn, gúnlẹ̀ sí etíkun Dover lọ́jọ́ kan náà, ó ri àsíá Aboriginal mọ́lẹ̀, ó ní òun ti gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún àwọn èèyàn òun. Mo fẹ́ràn bàbá yẹn gan-an. Bí ẹ bá ń gba ọ̀nà Dover lọ sí Faransé nígbà ìsinmi, ẹ rántí rẹ̀.

Mundine kò gba ọ̀nà àwàdà ní tirẹ̀. Ó ti wo fíìmù kan tí John Pilger, oníròyìn ọmọ Ọsirélíà, ṣe ní 1985. The Secret Country ni àkọlé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan tó wà nínú rẹ̀ kò kúrò lọ́kàn rẹ̀: gbogbo ìlú kéékèèké ní Ọsirélíà ló ní òkúta ìrántí fún àwọn ọmọ rẹ̀ tó kú sógun ní Yúróòpù, ṣùgbọ́n àwọn onílẹ̀ tó kú níbi tí wọ́n ti ń dáàbò bo ilẹ̀ baba wọn kò ní nǹkan kan.

Ó lọ bá àwọn àgbà Ramingining. Ó ní, bí ẹ bá ń sin èèyàn yín, kí lẹ máa ń ṣe?

Ohun tí wọ́n máa ń ṣe rèé. Bí èèyàn bá kú, wọ́n á kọ́kọ́ tọ́jú òkú rẹ̀ sí ibì kan. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́, wọ́n á kó eegun rẹ̀, wọ́n á nù ún mọ́, wọ́n á fi amọ̀ pupa kùn ún. Wọ́n á wá igi kan tí ikán ti jẹ inú rẹ̀ tán, tó ṣófo látòkè délẹ̀. Wọ́n á ya àmì ìdílé olóògbé sí ara igi náà, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe máa ń yà á sára èèyàn níbi orò. Wọ́n á kọrin, wọ́n á jó, wọ́n á kó eegun náà sínú rẹ̀, wọ́n á sì gbé e nàró. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n á fi í sílẹ̀ fún oòrùn àti òjò. Díẹ̀díẹ̀ ni yóò padà sí ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ìtàn Ọ̀wọ̀, ẹ óò rántí àkó, ère tí wọ́n máa ń gbẹ́ kó jọ olóògbé fún ìsìnkú rẹ̀ ẹlẹ́ẹ̀kejì. Kì í ṣe nǹkan kan náà, ṣùgbọ́n a kì í ṣe àjèjì sí èrò pé òkú kan lè gba ìsìnkú ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Èrò Mundine ni pé kí wọ́n ṣe igba irú igi bẹ́ẹ̀, ọ̀kan fún ọdún kọ̀ọ̀kan láti 1788 dé 1988. Kò ní sí eegun nínú èyíkéyìí, nítorí àwọn tí wọ́n ń ṣe é fún kò rí ìsìnkú gbà. Ayàwòrán mẹ́tàlélógójì, ọkùnrin àti obìnrin, láti Ramingining àti àyíká rẹ̀, ló ṣe é ní 1987 sí 1988. Paddy Dhathangu wà níbẹ̀, George Malibirr wà níbẹ̀, Jimmy Wululu wà níbẹ̀. David Malangi náà wà níbẹ̀, ẹni àwòrán ẹ̀yìn owó. Lọ́tẹ̀ yìí, wọ́n bi í kí wọ́n tó mú ìsìnkú ìdílé rẹ̀ jáde, orúkọ rẹ̀ sì wà lára iṣẹ́ náà.

Biennale ti Sydney ní 1988 ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbé e jáde, lórí èbúté àtijọ́ kan létí omi tí àwọn ọkọ̀ ayẹyẹ ti kọjá lóṣù díẹ̀ ṣáájú. Lẹ́yìn náà ó lọ sí ilé rẹ̀ ní Canberra, ní National Gallery of Australia, tí James Mollison ń darí nígbà náà. Ilé yẹn ló gbé owó sílẹ̀ kí wọ́n lè parí iṣẹ́ náà. The Aboriginal Memorial ni wọ́n pè é, orúkọ tí kò fi nǹkan kan pamọ́.

Ibi tí ọwọ́ olùtọ́jú ti hàn sí mi jù ni bí wọ́n ṣe tò wọ́n. Wọn kò tò wọ́n bí ìlà sójà. Ọ̀nà kan wà láàárín wọn tó rí kọ́lọkọ̀lọ, ó ń tẹ̀ lé bí odò Glyde ṣe ń ṣàn lọ sí òkun ní ilẹ̀ wọn. Igi ìdílé kọ̀ọ̀kan wà níbi tí ilẹ̀ ìdílé náà wà létí odò gan-an. Bí o bá ń rìn láàárín wọn, àwòrán ilẹ̀ ni o ń rìn nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn ga ju ọ̀gá wa tó ga jù lọ ní wọ́ọ̀dù lọ ní ìlọ́po kan àbọ̀, àwọn mìíràn kò ga tó ọmọdé. Òkú tí wọ́n pa kì í ṣe ọkùnrin alágbára nìkan.

Ihò kékeré máa ń wà lára irú igi bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀mí olóògbé lè máa yọjú wo ilẹ̀ rẹ̀. Nígbà tí mo kọ́kọ́ kà á, mo rántí àwọn nọ́ọ̀sì àgbà tó kọ́ mi níṣẹ́ níbí. Bí aláìsàn bá kú, wọ́n á rọra ṣí fèrèsé díẹ̀. Kò sí nínú ìwé òfin kankan, kò sì sí ẹni tó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ. O kàn ń bá wọn ṣí i ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun mìíràn láti ibi iṣẹ́ mi. Ní wọ́ọ̀dù, bí ẹnì kan bá kú, a máa ń kọ aago rẹ̀ sílẹ̀. Dókítà á wá jẹ́rìí sí i. A óò wẹ̀ ẹ́, a óò so orúkọ mọ́ ọrùn ọwọ́ rẹ̀ àti ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀, a óò kọ ẹrù rẹ̀ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, títí dé awò ojú. Bí kò bá tilẹ̀ ní ẹbí kankan, ẹnì kan gbọ́dọ̀ lọ forúkọ ikú náà sílẹ̀. Iṣẹ́ yẹn máa ń sú mi nígbà mìíràn ní aago mẹ́rin òru, ṣùgbọ́n òun ló sọ òkú di èèyàn.

Ẹ wá gbé e ka iwájú èyí. Ní Myall Creek, ní 1838, àwọn darandaran pa àwọn onílẹ̀ tó kéré tán jẹ́ méjìdínlọ́gbọ̀n, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù. Wọ́n so méje nínú wọn kọ́ nítorí rẹ̀, ohun tó ṣọ̀wọ́n débi pé àwọn èèyàn bínú sí ìjọba. Ní Coniston, ní àárín gbùngbùn ilẹ̀ náà, ní 1928, ikọ̀ tí ọlọ́pàá kan darí pa èèyàn káàkiri fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀. Ìwádìí ìjọba ka mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ó sì ní wọn kò jẹ̀bi. Àwọn onílẹ̀ sọ pé òkú pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. 1928, ẹ̀yin ará mi. Àwọn ìyá àgbà kan tí mo ti fọwọ́ ara mi bọ́ lóúnjẹ ní wọ́ọ̀dù ti wà láyé nígbà yẹn. Kò sí ẹni tó kọ aago, kò sí ẹni tó so orúkọ mọ́ ọrùn ọwọ́.

Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún mi pé igi tí wọ́n kùn lásán ni, mo máa ń sọ pé ìwé ìforúkọsílẹ̀ ni. Ọdún kọ̀ọ̀kan ní ojú ìwé tirẹ̀.

Àwọn kan bínú nígbà náà, kì í ṣe òyìnbó nìkan. Ọ̀pọ̀ onílẹ̀ ti pinnu pé àwọn kò ní fọwọ́ kan ohunkóhun tó jẹ mọ́ ayẹyẹ 1988. Wọ́n ní báwo la ṣe máa gba owó lọ́wọ́ ilé ìjọba láti fi ṣọ̀fọ̀ ohun tí ìjọba ṣe? Ìbéèrè náà lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Lójú tèmi ṣá o, ibi tí Mundine fi sí yẹn ló jẹ́ kó ní agbára. Bí wọ́n bá gbé igba igi náà nàró sínú igbó ní Ramingining, àwọn tó mọ ìtàn náà tẹ́lẹ̀ nìkan ni yóò máa rí wọn. Ní Canberra, inú ilé tí orílẹ̀-èdè fi ń yangàn lọ́dọ̀ àlejò ni wọ́n wà. Ní òdìkejì adágún omi ìlú náà, wọ́n ní ilé ìrántí ogun ńlá kan, Australian War Memorial, tí wọ́n ṣí ní 1941. Orúkọ àwọn tó kú ní Gallipoli àti ní Faransé wà lára ògiri rẹ̀. Ogun tí wọ́n jà lórí ilẹ̀ Ọsirélíà fúnra rẹ̀ kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí níbẹ̀. Ọdún 2022 ni àwọn alákòóso ilé náà tó kéde pé àwọn yóò fi púpọ̀ sí i hàn nípa rẹ̀, ariyanjiyan sì bẹ́ sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀. Olùtọ́jú ọnà kan àti ayàwòrán mẹ́tàlélógójì ti parí tiwọn ní ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n ṣáájú.

Ìyókù iṣẹ́ rẹ̀ pọ̀, màá sì yára kọjá nídìí rẹ̀. Ní 1992, òun àti Fiona Foley, ayàwòrán obìnrin, ṣe ìpàtẹ kan ní Sydney tí àkọlé rẹ̀ jẹ́ Tyerabarrbowaryaou. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé “Mi ò ní di òyìnbó láéláé.” Ẹ̀dà rẹ̀ kejì dé Havana ní Cuba ní 1994. Ní 1993, ìjọba fi oyè Medal of the Order of Australia dá a lọ́lá. Lọ́dún yẹn náà, ó wà lára àwọn tó ṣètò Aratjara, ìpàtẹ ńlá iṣẹ́ ọnà àwọn onílẹ̀ tó lọ sí Jámánì, sí Hayward Gallery ní London, àti sí Denmark. Bóyá dádì tàbí mọ́mì yín kan ti kọjá lẹ́bàá ibẹ̀ lọ sí iṣẹ́ láìmọ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ọnà àti mùsíọ́mù tó pọ̀ ní Sydney àti Canberra, ó lọ ṣèwádìí ní Osaka ní Japan, ní 2020 sì ni wọ́n fún un ní Red Ochre Award, ẹ̀bùn tí wọ́n ń fún onílẹ̀ tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ ṣiṣẹ́ ọnà.

Ọ̀kan tí n kò lè sáré kọjá ni èyí tó ṣe ní Mosman, ní Sydney, ní 2012, lórí Bungaree. Ọkùnrin yìí bá Matthew Flinders wọ ọkọ̀ ojú omi ní 1802, wọ́n jọ yí gbogbo Ọsirélíà po. Òun ló ń bá àwọn tí wọ́n bá pàdé létíkun sọ̀rọ̀ kí ìjà má baà ṣẹlẹ̀. Flinders di ẹni tí wọ́n gbẹ́ ère fún. Bungaree di ẹni tí wọ́n ń yàwòrán rẹ̀ pẹ̀lú fìlà òyìnbó àti ẹ̀wù ológun tó ti gbó, bí aláwàdà ìlú. Mundine pe àwọn ayàwòrán onílẹ̀ ti ìpínlẹ̀ náà jọ, ó ní kí oníkálukú wọn wo ojú ọkùnrin náà, kó sì ṣe tirẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti ń túmọ̀ fún mọ́mì yín lọ́dọ̀ dókítà láti ọmọ ọdún mẹ́jọ, ẹ mọ irú iṣẹ́ tí Bungaree ṣe. Gbogbo ọ̀rọ̀ gba ẹnu yín kọjá, ìwé kankan kò sì kọ orúkọ yín.

Ohun kan ṣì wà tí mò ń rò lórí igba igi wọ̀nyí. Ní Arnhem Land, ìlànà ni pé kí irú igi bẹ́ẹ̀ jẹrà. Òjò á pa á, ikán á padà sí i, yóò wó lulẹ̀, ọ̀fọ̀ yóò parí. Èyí tó wà ní Canberra kò lè wó. Wọ́n ń ṣọ́ bí afẹ́fẹ́ inú ilé ṣe gbóná tàbí tutù tó, wọ́n ń lé kòkòrò, wọ́n ń nu eruku rẹ̀. Wọ́n ti gbé e rìn dé Lausanne, dé Hanover, dé ilé ọba àtijọ́ ní St Petersburg láàárín 1999 sí 2000, wọ́n sì gbé e padà wálé láìfọ́. Ọ̀fọ̀ tí wọn kò jẹ́ kó parí ni. Àwọn àgbà tó yà wọ́n mọ̀ pé bẹ́ẹ̀ ni yóò rí nígbà tí wọ́n gbà kí ó lọ síbẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ti lọ báyìí, Malangi kú ní 1999.

Wọn kì í gba owó ẹnu ọ̀nà fún àwọn iṣẹ́ tó jẹ́ ti ilé náà fúnra rẹ̀. Bí iṣẹ́ tàbí ẹbí bá gbé yín dé Ọsirélíà, tí ẹ sì ya Canberra, ẹ má dúró síta máa ya fọ́tò. Ẹ wọ àárín wọn, ẹ gba ọ̀nà odò yẹn, ẹ rọra rìn ín dé òpin.

Ó di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ o. Ẹ bá mi kí àwọn ará ilé.